Ẹ má yáwó ra ìtẹ́ gbòǹgbò: ẹ̀yìnkùlé yín ló wà

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀, Pọ́bẹ̀, Sákété, Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé lọ́hùn-ún ní Tógò, ẹ̀yin ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè pa mọ́ra mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbin ewébẹ̀ láìlo ilẹ̀, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní hors-sol. Inú korobá tàbí inú àpò ni gbòǹgbò ń gbé, omi tí a po oúnjẹ ewéko mọ́ ni a fi ń bọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni, a kò sì bá iṣẹ́ náà jà. Ohun tí à ń bá jà ni ìwé ìrajà tí wọ́n ń kì bọ àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́: àpò perlite, àpò hóró amọ̀ sísun, páálí òwú òkúta tí wọ́n ń pè ní laine de roche. Òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n á ní láìsí ìwọ̀nyí, tòmátì kò ní so. Ọmọ á wá lọ kó owó èsúsú ìyá rẹ̀, tàbí kó lọ yá owó èlé, kó tó rí ìdì ewé kan ṣoṣo tà.

A ní kò rí bẹ́ẹ̀. A sì máa sọ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú àwọn aláìmọ̀kan ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ náà wúlò níbí. Àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ ní agbègbè Àjàṣẹ́ àti Kútọnu mọ aràn kékeré inú ilẹ̀ tó ń ta kókó sí gbòǹgbò tòmátì àti gbọma. Ẹ bá fa igi tòmátì tu, gbòǹgbò á wú wúrúwúrú bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n mọ ẹ̀kún omi tó ń bo ẹbè mọ́lẹ̀. Wọ́n mọ bí ilẹ̀ tí wọ́n ń dá ṣe ń di ilé alájà lójijì, tí wọ́n á ní kí wọ́n kó ọkọ́ wọn lọ. Ẹni tó bá lè gbin ogójì igi tòmátì sínú korobá ní àgbàlá ilé rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu mẹ́ta yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lé ọ̀dọ́ kúrò nínú iṣẹ́ yìí kò ṣe wá lóore. Ẹni tó sì ń fi ọjà tó wọ́n dí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà kò ṣe wá lóore bákan náà.

Kí ni iṣẹ́ ohun tí à ń dà sínú korobá gan-an? Àwa ń pè é ní ìtẹ́ gbòǹgbò, torí pé ìtẹ́ kì í bọ́ ẹyẹ, ó kàn ń gbà á dúró ni. Nínú ọ̀gbìn yìí, inú omi ni oúnjẹ wà. Iṣẹ́ mẹ́rin péré ni ti ìtẹ́. Kó di ewéko mú kó má ṣubú. Kó pa omi mọ́ títí a ó fi bu òmíràn sí i. Kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, nítorí gbòǹgbò ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń mí. Kó má sì kó iyọ̀, àrùn tàbí oje burúkú bá ewéko. Ẹ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí èyí tí a kọ orúkọ orílẹ̀-èdè kankan sí lára.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí wọ́n ń tà fún wa.

Òkúta tí wọ́n yọ́ ni òwú òkúta. Wọ́n á fi iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,500°C yọ́ ọ, wọ́n á sì ta á bí òwú. Ilẹ̀ Denmark ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ó dára fún ilé gíláàsì ńlá níbi tí ẹ̀rọ ti ń dín omi sí ẹsẹ̀ ewéko ní wákàtí wákàtí. Ṣùgbọ́n kì í jẹrà. Lẹ́yìn ìkórè, ta ni yóò bá yín kó o, níbo sì ni wọ́n máa dà á sí? Ẹ̀yìn ògiri, ojú gọ́tà, etí ọ̀sà. Fọ́nrán rẹ̀ sì máa ń yún ara ẹni tó bá fọwọ́ lásán gbé e.

Perlite jẹ́ òkúta bíi gíláàsì tó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá. Wọ́n á yan án nínú iná tó tó 850 sí 900°C, á sì wú bíi gúgúrú. Ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń léfòó lójú omi, eruku rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí kò bá rọ omi sí i kó tó da á, tí kò fi nǹkan bo imú, ara rẹ̀ ló ń pa.

Hóró amọ̀ sísun ńkọ́? Amọ̀ ni o! Amọ̀ tí wọ́n yí, tí wọ́n sun nínú iná tó sún mọ́ 1,200°C. Àwa tí ìyá wa ń mọ ìkòkò láti ayébáyé, àwa ni wọ́n ń kó amọ̀ sísun wá tà fún. Àpáàdì ìkòkò tàbí bíríkì sísun tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi hóró ẹ̀pà, tí a sẹ́ eruku rẹ̀ kúrò, tí a fọ̀ mọ́, ń ṣe iṣẹ́ tó jọra: omi ń sàn kọjá, afẹ́fẹ́ ń wọlé, kì í rà, a sì lè fọ̀ ọ́ lò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹni tó bá ní kò sí bí ọ̀gbìn yìí ṣe lè dára láìsí àpò òkè òkun, kó bi ìtàn léèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Gericke ti Yunifásítì California ló mú ọ̀rọ̀ náà hydroponics jáde ní 1937, nígbà tí kò sí òwú òkúta fún ọ̀gbìn rárá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbin ewébẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ní erékùṣù Ascension, nínú òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ilẹ̀ ti yan gbẹ. Òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n lò. Ní British Columbia ní Kánádà, níbi tí ilé ìlagi pọ̀ sí, ìyẹ̀fun pákó ni àwọn àgbẹ̀ tòmátì inú ilé gíláàsì fi ṣe ìtẹ́ gbòǹgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Japan, èèpo ìrẹsì tí wọ́n sun di dúdú ni. Olúkúlùkù wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì mú ohun tó bá níbẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwa nìkan ni wọ́n ní kí a má wo tiwa?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àgbọn jẹ́ ìtìjú fún gbogbo wa. Wọ́n ń kó bíríkì ìyẹ̀fun èèpo àgbọn wá láti Íńdíà àti Sri Lanka, wọ́n ń ta á fún àwọn ọ̀dọ́ wa nínú ọ̀rá aláràbarà. Bíríkì kìlógíráàmù 5 kan, bí a bá rẹ ẹ́ sómi, á wú di nǹkan bíi lítà 65 sí 75. Ọjà dáadáa ni. Ṣùgbọ́n láti Sèmè dé Grand-Popo, títí wọ Aného ní Tógò, igi àgbọn ló tò sí etíkun. Sèmè-Podji náà ni ilé ìwádìí àgbọn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà. Àwọn tó ń ta àgbọn tútù ń da èèpo rẹ̀ jọ bí òkè, wọ́n ń fi iná sun ún, èéfín rẹ̀ sì ń dá wa lẹ́kun. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò wa ló wà, a sì ti dáná sun ṣòkòtò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. A kò sọ pé kí ẹ lọ kó èèpo àgbọn lónìí kí ẹ gbin tòmátì sínú rẹ̀ lọ́la. Àgbọn etíkun ní iyọ̀ nínú, oje èèpo tútù náà sì ń dí ewéko lọ́wọ́. Ẹ gé èèpo náà wẹ́wẹ́ bí orí ìka, tàbí kí ẹ lù ú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ jáde. Ẹ kó o jọ síta kí òjò àsìkò kan rọ̀ sí i lórí. Òjò kì í gba owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kànga, kì í ṣe omi ọ̀sà, di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi náà nù, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí omi tó ń jáde kò fi ní pọ́n bíi tíì mọ́.

Ìyẹn nìkan kò tó. Èèpo àgbọn máa ń di sodium àti potassium mú sára. Bí omi oúnjẹ ewéko bá dé, á jù wọ́n sílẹ̀, á sì gba calcium àti magnesium mọ́ ewéko lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìdí èso tòmátì ti ń dúdú tó sì ń rà lórí igi, tí onítọ̀hún á máa pariwo pé àjẹ́ ló wọ oko òun. Kì í ṣe àjẹ́. Rírẹ ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ ṣe nínú omi tí a yọ́ calcium nitrate sí, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí a bá ṣe é báyìí, èèpo àgbọn wa kò yàtọ̀ sí ti Sri Lanka. Ó lè mu omi tó ìlọ́po mẹ́jọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì tún ń jẹ́ kí gbòǹgbò mí.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, Ìdáṣà àti Glazoué, tiyín kì í ṣe àgbọn. Ẹ̀yin ni ẹ ni ìrẹsì. Nínú kìlógíráàmù 100 ìrẹsì tí a kò tíì bó, nǹkan bí 20 ni èèpo. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìbórẹsì ni wọ́n ń dà á sí bí ìdọ̀tí. Àwọn obìnrin wa tó ń bọ ìrẹsì kí wọ́n tó bó o ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún àgbẹ̀ láìmọ̀, torí ooru omi náà ti pa kóró tó lè hù àti ọ̀pọ̀ àrùn inú èèpo. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń di irú èèpo ìrẹsì bíbọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àpò, wọ́n sì ń ta á láti fi rọ́pò perlite. Kì í tètè rà, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pa omi mọ́, ìyẹn la fi ní kí ẹ má lò ó nìkan. Èèpo àgbọn ìwọ̀n méjì sí èèpo ìrẹsì ìwọ̀n kan jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Bí èèpo ìrẹsì bá jẹ́ ti ìrẹsì tí wọn kò bọ̀, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá sun ún di dúdú, ẹ pa iná náà kó tó di eérú funfun, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa, torí eérú máa ń gbé pH omi sókè ju ibi tí ewéko fẹ́ lọ, ìyẹn láàárín 5.5 sí 6.5.

Òkúta náà wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àwọn òkè ńlá Ṣábẹ̀ àti Ìdáṣà jẹ́ akọ òkúta, irú òkúta tí kì í yọ́ sínú omi, tí kì í yí pH padà. Èyí tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ fún ilé kíkọ́, bí a bá fọ eruku rẹ̀ kúrò, ti di ìtẹ́ gbòǹgbò tí ọmọ ọmọ yín lè lò. Ẹ sáà rántí pé lítà kan rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù kan ààbọ̀, kí ẹ má gbé e sórí tábìlì pákó ẹlẹgẹ́. Ẹ tún rántí pé ó gbọ́dọ̀ rí omi léraléra lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkúta ni òkúta. Ẹ̀yin ará Pọ́bẹ̀ àti Kétu, òkúta tí wọ́n ń wà ní Onígbólò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, òkúta ẹfun ni. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé pH sókè, ewé á sì pọ́n bí ẹni pé ebi ń pa á, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan sí òkúta tí ẹ bá fẹ́ lò. Bó bá hó, ẹ jù ú nù. Ìdánwò yìí kò náni ní nǹkan kan. Ìdí kan náà ni yanrìn òkun kò fi dára: iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ìkarahun wà nínú rẹ̀, òkun fúnra rẹ̀ sì ti ń jẹ etíkun wa tó. Yanrìn odò tó rí kókó, tí a fọ̀ títí omi fi mọ́, ni kí ẹ lò.

Ẹ̀yin ará Pọ́bẹ̀, a kò tíì fi yín sílẹ̀. Ọdọ̀ yín ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Èèpo èkùrọ́ líle pọ̀ lọ́wọ́ yín, wọ́n ń dáná, wọ́n ń dí kòtò ọ̀nà. Èyí tó ti pẹ́ níta, tí òjò ti fọ epo ara rẹ̀ kúrò, le bí òkúta, ó sì fúyẹ́ ju òkúta lọ. Ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀ korobá tàbí kí ẹ pò ó mọ́ èèpo àgbọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo èyí tó ń rùn epo.

Ibi tí a dé yìí ni a fẹ́ kọjú sí àwọn tiwa náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé nǹkan jẹ́ ti ìbílẹ̀, wọ́n á ti pàtẹ́wọ́. Wọ́n á lọ sí ibi ìlagi, wọ́n á kó ìyẹ̀fun pákó tútù wá láìbéèrè igi wo ni, wọ́n á sì gbin nǹkan sí i. Ìyẹ̀fun pákó tútù ń jẹ nitrogen bó ṣe ń rà, ewéko á sì máa ṣàìsàn. Àwọn igi kan ní oje tó burú fún gbòǹgbò, ìrókò àti tíìkì kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹlòmíràn á da amọ̀ sí i, ẹlòmíràn á da ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú, á ní nǹkan ìbílẹ̀ kò dára. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìpolówó ọjà fún àwọn tó ń ta àpò òkè òkun. Pé nǹkan jẹ́ tiwa kò sọ pé ó dára. Ìdánwò ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò méjì ni ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé, ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rárá lè ṣe é.

Èkíní ni ti afẹ́fẹ́. Ẹ mú ìgò omi oníke, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ fi àmì sí ibi tó gba lítà kan. Ẹ lu ihò kékeré mélòó kan sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà tàbí téèpù dí i. Ẹ da ìtẹ́ gbòǹgbò tí ẹ ti rẹ sínú rẹ̀ dé ojú àmì, ẹ gbọn ọ́n díẹ̀. Ẹ rọra da omi sí i títí omi fi dé òkè, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Wàyí o, ẹ ṣí ìdí rẹ̀, kí ẹ gba omi tó ń jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó jáde yẹn ni àyè tí afẹ́fẹ́ ní. Bí kò bá tó mílílítà 100, gbòǹgbò á rì. Ẹ fi èèpo ìrẹsì tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Bó bá wà láàárín 150 sí 300, ó dára. Bó bá ju 400 lọ, omi kò ní pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun èèpo àgbọn kún un.

Èkejì ni ti iyọ̀ àti oje burúkú. Ẹ mú agolo méjì. Ẹ fi yanrìn odò fífọ̀ sínú ọ̀kan, ìtẹ́ gbòǹgbò tuntun sínú ìkejì. Ẹ gbin àádọ́ta kóró tẹ̀tẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bu omi lásán sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí èyí tó hù nínú ìtẹ́ tuntun bá kéré sí ti yanrìn lọ́nà tó hàn, tàbí tí etí ewé rẹ̀ jóná, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Bí owó bá wà, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iyọ̀ inú omi ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra àpò perlite kankan. Àpò á tán. Ẹ̀rọ náà á wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá wo bó ṣe jẹ́ pé ìdáhùn kan kò lè tó gbogbo wa. Orí òkè pẹrẹsẹ Kétu, omi jìn nínú ilẹ̀, àwọn ìyá wa mọ ohun tí ojú wọn rí kí korobá kan tó kún. Níbẹ̀, ohun tó ń pa omi mọ́ ló yẹ kó pọ̀ jù nínú korobá, omi tó bá sì sàn jáde, ẹ gbà á sínú nǹkan kí ẹ tún un lò. Àjàṣẹ́ yàtọ̀. Ọ̀rinrin ni gbogbo ìgbà, òjò sì ń rọ̀ léraléra. Afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò ń sunkún fún níbẹ̀, kí èèpo ìrẹsì tàbí àpáàdì pọ̀ sí i. Oòrùn ọ̀sán Ṣábẹ̀ ń mú òkúta gbóná, ẹ fi korobá sábẹ́ ìbòòji tàbí kí ẹ kùn ún ní funfun. Ìwé ìrajà tó ń bọ̀ láti òkèèrè kò mọ Kétu yàtọ̀ sí Àjàṣẹ́. Ohun kan náà ló ń tà fún gbogbo ayé.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní ti òkè òkun mọ́, pé àpò kan bá ìkejì mu. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní ilé ọ̀gbìn ńlá, tó ní ẹ̀rọ tó ń dín omi, tó ń tajà fún ilé ìtura, tó sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tó rí i pé èrè wà, kó lo òwú òkúta bó bá fẹ́. A kò bá a wí. Ọmọ tó ní korobá ogún, tí owó ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ni à ń bá sọ̀rọ̀. Fún un, àṣìṣe inú èèpo àgbọn kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àṣìṣe inú àpò tó fi owó èlé rà lè lé e kúrò nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ títí láé.

Wọ́n tún lè ní, ṣebí oúnjẹ ewéko tí à ń pò mọ́ omi náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí a tún fi owó ra èyí tí a lè ṣe fúnra wa. Ẹni tí kò lè dín gbogbo ìnáwó kù kì í sọ pé òun kò ní dín èyíkéyìí kù.

Èyí kò tilẹ̀ ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti 1985 tí Bàbá Godfrey Nzamujo ti dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ni pé ìdọ̀tí ẹnìkan ni ohun èlò ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú un dé inú korobá tòmátì.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ rèé.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, tí ẹ sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn: ẹ gbin tòmátì sínú ti òkè òkun àti sínú tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n fojú ara wọn rí i, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò owó rẹ̀. Bí ẹ bá ń tajà, ẹ sọ fún wọn pé ọjà ni ẹ ń tà. Olùkọ́ kì í fi ẹ̀kọ́ bo ọjà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń yá ọ̀dọ́ lówó: ẹ má ṣe sọ ìwé ìrajà di dandan kí ẹ tó yá wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ìdánwò ìgò àti ìdánwò kóró. Ìdáhùn wọn á sọ fún yín bóyá owó yín á padà wálé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ta àgbọn, ẹ̀yin tó ń bọ ìrẹsì: ẹ má dáná sun owó mọ́. Èèpo tí a gé, tí a fọ̀, tí a sá, tí a dì sápò, ọjà ni. Èèpo ìrẹsì fúyẹ́, zémidjan kan lè gbé àpò mélòó kan lọ sí ìlú kejì.

Ẹ̀yin àgbà Nàgó, ẹ jẹ́ ká máa fi èdè wa kọ́ iṣẹ́ yìí. Èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Ẹni tí kò lè kà á á gba ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á bá sọ fún un gbọ́. Bí a bá ń pe é ní ìtẹ́ gbòǹgbò, tí a sì ń sọ iṣẹ́ mẹ́rin rẹ̀ ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ńlá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń múra àtiyáwó lọ́la: ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìrẹsì. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la àgbọn. Mú agolo méjì àti kóró tẹ̀tẹ̀. Bí o bá ṣe ìdánwò náà tí tiwa kò dára, a ò ní dá ọ lẹ́kun láti ra ti òkèèrè. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí o ra á kí o tó dán tiwa wò.

Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ohun tí a gbìn so, kí a sì rí i jẹ.